Orúkọ Mọ́kànlélógún Nínú Àfonífojì Kan

“Má tún sọ fún ẹnikẹ́ni láyé pé kó fi mọ́tò rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́bàá odò.”

Obìnrin tó ṣe ìkìlọ̀ yìí fún mi, n kò tíì fojú kàn án rí. Ó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún. Òun àti ọkọ rẹ̀ ń sin àgùntàn ní Northumberland, kaúńtì tó wà lókè pátápátá ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tó ti bá Scotland pààlà. Èmi wà ní Marietta, ní òdìkejì òkun, nínú mọ́tò mi, ní ibi ìgbọ́kọ̀sí ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Ọwọ́ méjèèjì ni mo fi di fóònù mú. Kò pariwo mọ́ mi. Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀, ó sì rẹ̀ ẹ́. Ó ní kí n tún ọ̀rọ̀ náà sọ kí òun lè mọ̀ pé mo gbọ́. Mo tún un sọ. Lẹ́yìn náà ló gbé fóònù fún ọmọ mi.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń sọ pé n óò kọ ọ́ sílẹ̀. Nínú ìjọ wa níbí, kò sí oṣù kan tí a kì í gbàdúrà fún ọmọ tó fẹ́ lọ síbi tí òbí rẹ̀ kò dé rí, àwọn òbí náà a sì máa sọ pé àwọn ti wo máàpù. Èmi náà wo máàpù. Bí mo ṣe wò ó àti ohun tó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ ni mo fẹ́ sọ, bó ṣe rí gẹ́lẹ́.

Ẹni ọdún mẹ́rìnlélógún ni ọmọ mi obìnrin nígbà náà. Riverdale níbí ló dàgbà sí. Ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ àti àwọn tó ń gbé orí rẹ̀ ló kọ́ ní yunifásítì. Nígbà tó fẹ́ gba oyè kejì, ó ní òun fẹ́ lọ lo ọdún kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kí òun lè mọ ìdí tí ènìyàn fi ń dín kù láàárín àwọn òkè apá ibẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa lọ láti ilé dé ilé, kó máa béèrè pé ta ló gbé ibí rí, ta ló kù, ibo ni àwọn ọmọ lọ. Ìdí tábìlì oúnjẹ la wà nígbà tó sọ ọ́.

“Ilé àwọn tí o kò mọ̀ rí lo fẹ́ máa kàn?” ni mo bi í.

“Yes, Mọ́mì. Wọ́n á ti mọ̀ pé mò ń bọ̀.”

“Ìwọ nìkan?”

“Èmi nìkan.”

Bàbá rẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Hampton, kò gbójú kúrò nínú àwo rẹ̀. “Jẹ́ kó lọ,” ló wí. “Gẹ̀ẹ́sì ló wá ka àwọn ènìyàn tiwa nígbà kan. Kí ọmọ tiwa náà lọ ka tiwọn.”

Ọmọ mi rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín.

Máàpù ibẹ̀ kì í ṣe irú èyí tó ń wà nínú fóònù. Bébà ńlá ni, gbogbo ilé tó dá dúró nínú pápá ló sì wà lórí rẹ̀. Méjì ni ọmọ mi rà nígbà tó débẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án; ó fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí mi nítorí pé mo bẹ̀ ẹ́. Ilé ẹ̀kọ́ girama ni ìwé mi parí sí, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí mo mọ̀ níbẹ̀ tó jọ́gíráfì. Tísà wa kọ́ wa bí a ṣe ń fi òwú wọn ọ̀nà tó rí kọ́lọkọ̀lọ. Ó kọ́ wa pé níbi tí àwọn ìlà bá ti sún mọ́ ara wọn, òkè ibẹ̀ dúró ṣánṣán. Ó sì kọ́ wa bí a ṣe ń fi nọ́ḿbà mẹ́fà sọ ibi tí ohun kan wà gan-an: mẹ́ta àkọ́kọ́ ń lọ sí ọ̀tún, mẹ́ta tó tẹ̀ lé e ń lọ sókè. “A kì í gun àjà kí á tó wọlé,” bẹ́ẹ̀ ló máa ń wí. Ẹni tó bá ṣe é lódì á dìde dúró títí aago á fi lù. N kò dìde rí.

Mo tẹ́ máàpù náà sórí tábìlì, mo fi rọ́bà bò ó kí ọbẹ̀ má baà ta sí i, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ Northumberland bí ẹni tó fẹ́ ṣe ìdánwò. Òkun ló wà ní ìlà-oòrùn rẹ̀. Àwọn òkè Cheviot wà ní àríwá, lórí ààlà Scotland. Ọ̀pọ̀ jù nínú àwọn ènìyàn rẹ̀ ló kó ara wọn jọ sí igun kan ní gúúsù ìlà-oòrùn, nítòsí Newcastle. Bí o bá ti ń lọ sí ìwọ̀-oòrùn, òkè ni, igbó tí wọ́n fọwọ́ gbìn ni, pápá àgùntàn ni. Mo kà pé ó wà lára àwọn kaúńtì tí ènìyàn ti fọ́nká jù ní gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Mo kà á, ṣùgbọ́n kò yé mi. Ẹni tó ń ti Riverdale wakọ̀ lọ sí Marietta ní ọjọ́ márùn-ún nínú ọ̀sẹ̀, tí mọ́tò wà níwájú rẹ̀, lẹ́yìn rẹ̀, lọ́tùn-ún àti lósì, kò rọrùn fún un láti fi ọkàn rí ibi tí kò sí ènìyàn.

Mo fi pẹ́ńsù yí àfonífojì tí ọmọ mi ti máa ṣiṣẹ́ jù ká. Mo ka orúkọ inú rẹ̀. Mọ́kànlélógún ni. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan ni àmì dúdú kékeré wà tó dúró fún ilé. Òmíràn ní ẹyọ kan, òmíràn ní mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ọkàn mi balẹ̀. Mo pe ọkọ mi.

“Wá wò ó. Ìlú mọ́kànlélógún ló wà lọ́nà ibi tó ń lọ.”

“Ìlú?”

“Ó dáa, abúlé. Abà. Bí mọ́tò rẹ̀ bá bàjẹ́, kò ní rìn ju kìlómítà méjì, mẹ́ta lọ kó tó dé ọ̀dọ̀ ènìyàn.”

“Ọ̀gá jọ́gíráfì,” ló wí. “Ṣé o ti ka àwọn àgùntàn náà?”

Kí ẹni tó ń ka èyí má fi mí rẹ́rìn-ín. Níbi tí mo ti wá, ilẹ̀ kì í dá orúkọ jẹ́ láìsí ènìyàn. Bàbá mi dáko sí abà kan tí ilé rẹ̀ kò ju mẹ́rin lọ, síbẹ̀ àlejò tó bá yà síbẹ̀ yóò bá ẹnìkan nílé, yóò rí omi mu, wọn yóò sì sìn ín dé ojú ọ̀nà. Bí àwọn ènìyàn bá sì fi ibì kan sílẹ̀, a máa ń fi hàn nínú orúkọ rẹ̀. A ó máa pè é ní ahoro. Ọmọdé tó bá ti gbọ́ ahoro ti mọ̀ pé kò sẹ́ni níbẹ̀. Mo rò pé bí gbogbo ayé ṣe ń ṣe nìyẹn. N kò mọ̀ pé àwọn Gẹ̀ẹ́sì a máa fi orúkọ sílẹ̀ lórí máàpù lẹ́yìn tí òrùlé bá ti wó, láìyí lẹ́tà kan padà.

Àdéhùn èmi àti ọmọ mi ni pé kó pè mí kó tó kúrò níbì kan, kó sì pè mí bó bá dé ibòmíràn. Wákàtí márùn-ún ni wọ́n fi ṣíwájú wa. Mo ń kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé kékeré kan: ibi tó wà, ibi tó ń lọ, iye kìlómítà, aago. Yorùbá rẹ̀ kì í dúró gbọn-in, ohùn rẹ̀ a máa yẹ̀ lórí àwọn ọ̀rọ̀ gígùn, ṣùgbọ́n òun ló fi ń bá mi sọ̀rọ̀ láti ibẹ̀. Ó ní òun kì í rí ẹlòmíràn sọ ọ́ fún.

“Mọ́mì, ògiri ilé tí mo wọ̀ lónìí nípọn gan-an. Ó tó apá mi. Nítorí àwọn olè màlúù ni.”

“Olè màlúù? Ṣé wọ́n ti mú wọn?”

“Mọ́mì! Ó ti lé ní irínwó ọdún.”

“Àwọn ọmọ wọn ńkọ́?”

“Àwọn ọmọ wọn ló ń fún mi ní tíì.”

Mo ní kó má mu tíì tí wọn kò bá pò lójú rẹ̀. Mo ní kó má jókòó kí ó kọ ẹ̀yìn sí ilẹ̀kùn. Mo ní kó kọ́kọ́ wo ojú ẹni tó ṣílẹ̀kùn, nítorí pé kì í ṣe gbogbo ẹni tó gbà lórí fóònù pé kó wá ló mọ̀ pé ọmọ aláwọ̀ dúdú ló ń bọ̀. Gbogbo ìkìlọ̀ mi, ti ènìyàn ni. Ènìyàn ni mò ń bẹ̀rù fún un.

Ọjọ́bọ̀ kan ni, nínú oṣù kọkànlá. Òjò ti rọ̀ lọ́dọ̀ wọn fún ọjọ́ mẹ́ta. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde síta níbi iṣẹ́ fún ìsinmi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nígbà tí fóònù dún. Aago mọ́kànlá ku ìṣẹ́jú méje. Lọ́dọ̀ rẹ̀, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ku ìṣẹ́jú méje, ilẹ̀ sì ti ń ṣú, nítorí ilẹ̀ a máa tètè ṣú níbẹ̀ nígbà òtútù.

“Mọ́mì, mọ́tò ti kú.”

Odò kan wà tó gba orí ọ̀nà kọjá. Kò sí afárá lórí rẹ̀, inú omi ni mọ́tò ń gbà. Nígbà tó ń lọ ní òwúrọ̀, omi náà kò ju kókósẹ̀ lọ. Nígbà tó ń padà, ó ti kún. Táyà iwájú ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ inú rẹ̀ ni ẹ́ńjìnì kú.

“Ṣé omi ti wọlé bá ọ?”

“Díẹ̀. Mo ti lọ sí síìtì ẹ̀yìn. Mọ́mì, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa. Ṣé kí n dúró sínú mọ́tò?”

Ìbéèrè tó bi mí nìyẹn. Ọmọ mi fẹ́ dúró.

Máàpù wà nínú báàgì iṣẹ́ mi, bó ti máa ń wà lójoojúmọ́. Mo tẹ́ ẹ sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Mo rí odò náà, mo rí ibi tó ti gba ọ̀nà kọjá. Ibi méjì ló sún mọ́ ọn. Ọ̀kan wà lẹ́yìn rẹ̀, lójú ọ̀nà tó gbà wá, kò tó kìlómítà kan sí i; àmì dúdú kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Èkejì wà lókè lápá òsì. Mo fi òwú wọ̀n ọ́n: kìlómítà méjì ó lé ọ̀ọ́dúnrún mítà. Àmì dúdú mẹ́ta ló wà níbẹ̀.

Mo rò ó. Mo rò ó dáadáa, bí mo ṣe ń ro gbogbo ohun tó bá kan ọmọ náà. Odò lè gbé mọ́tò lọ. Ọkùnrin tí a kò mọ̀ lè bá a nínú mọ́tò nínú òkùnkùn. Níbi tí ilé kan ṣoṣo wà, ẹnìkan ṣoṣo lè máa gbé ibẹ̀, ẹni náà sì lè jẹ́ ẹni ibi. Ṣùgbọ́n níbi tí ilé mẹ́ta wà, ẹlẹ́rìí wà.

“Má dúró,” ni mo wí. “Má sì padà sẹ́yìn. Abúlé kan wà lókè lápá òsì rẹ, ilé mẹ́ta ni. Jẹ́ kí iná mọ́tò máa ṣẹ́jú bí o ṣe ń lọ.”

“Mọ́mì, mi ò rí iná kankan lókè yẹn.”

“Òkè ló bò ó. Mò ń wò ó níbí. Tètè máa lọ kí ilẹ̀ tó ṣú tán. Bí o bá débẹ̀, pè mí.”

“Okay, Mà.”

Ó lọ, nítorí pé n kò tíì ṣì í lọ́nà rí.

Mo fún un ní ogójì ìṣẹ́jú, nítorí òkè. Mo padà wọlé lọ fún bàbá arúgbó kan ní oúnjẹ ọ̀sán. Ogójì ìṣẹ́jú pé, kò pè. Mo pè é láti inú àpò aṣọ iṣẹ́ mi, ohun tí òfin ibẹ̀ kò gbà, kò wọlé. Mo pè é lẹ́ẹ̀mẹ́rìnlá.

“Ẹnu mi nìyí,” ni bàbá náà wí. “Àyà mi lò ń fún ní ọbẹ̀.”

Mo tọrọ gáfárà lọ́wọ́ rẹ̀, mo nu àyà rẹ̀, mo lọ sọ fún ọ̀gá mi, mo sì jáde. Aago méjìlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Ibẹ̀ ni mo ti rí ohun tí n kò ṣe. Mo mọ bí òkè kọ̀ọ̀kan nínú àfonífojì náà ṣe ga tó. Mo mọ apá ibi tí odò rẹ̀ ń ṣàn lọ. N kò ní nọ́ḿbà ènìyàn kan ṣoṣo tó ń gbé ibẹ̀. Nọ́ḿbà kan tí mo ní ní gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ ti àbúrò obìnrin kan nínú ìjọ wa, tó wà ní London. Nígbà tí ọmọ mi ń lọ, obìnrin náà fún mi ní nọ́ḿbà ọ̀hún, ó ní àbúrò òun yóò máa yà wò ó. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ọkàn mi sì balẹ̀ bí ẹni pé ẹnu ọ̀nà ilé ọmọ mi ló ń gbé. Mo pe àbúrò náà báyìí.

“Northumberland? Ẹ jọ̀ọ́, Aunty, ẹ má bínú. Bí mo bá gbéra nísinsìnyí, ó máa tó wákàtí mẹ́fà.”

Mo pe 911, nọ́ḿbà pàjáwìrì ti ọ̀dọ̀ wa.

“Kaúńtì wo, mà?”

“Northumberland.”

“Ṣé ti Virginia?”

“Ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.”

Ọkùnrin ló gbé fóònù náà. Onísùúrù ènìyàn ni. Kò ní kí n gbé fóònù sílẹ̀. Ó bá mi wá nọ́ḿbà àwọn ọlọ́pàá ibẹ̀ títí ó fi rí i, ó sì kà á fún mi lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí obìnrin kan gbé e lọ́hùn-ún, aago méjìlá ti kọjá ìṣẹ́jú mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Mo sọ fún un pé mọ́tò ọmọ mi kú sínú odò.

“Àwọ̀ wo ni mọ́tò náà?”

“Pupa.”

Mo gbọ́ bó ṣe ń tẹ kọ̀ǹpútà. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, ó ti ń fara balẹ̀ mú ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ó ní wọ́n ti rí mọ́tò pupa kan lẹ́bàá omi, iná rẹ̀ ń ṣẹ́jú, kò sẹ́ni nínú rẹ̀. Ó ní àwọn ará àfonífojì náà ti ń wá ẹni tó ni ín nínú odò láti bí wákàtí kan ó lé.

“Kò sí nínú omi,” ni mo ké. “Ẹ sọ fún wọn pé kò sí nínú omi. Èmi ni mo ní kó gun òkè lọ.”

“Òkè ibo?”

Mo fi ìka lé ibẹ̀ lórí máàpù. Mo ka mẹ́ta sí ọ̀tún, mo ka mẹ́ta sókè. Ó tún nọ́ḿbà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kà fún mi. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo gbọ́ bó ṣe ń bá àwọn ẹlòmíràn sọ ọ́. Ó padà sórí fóònù.

“Mà, wọ́n ti ń lọ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló sọ fún yín pé ènìyàn ń gbé ibẹ̀?”

Mo tún wo àmì dúdú mẹ́ta náà.

Wọ́n bá a níbẹ̀. Ilé mẹ́ta náà ti wó láti ìgbà tí àwọn àgbà àfonífojì náà ṣì jẹ́ ọmọdé. Ọ̀kan ṣì ní òrùlé díẹ̀ ní igun kan, àwọn àgùntàn sì ti sá wọ ibẹ̀ nítorí òjò. Àárín wọn ni ọmọ mi jókòó sí nítorí ooru ara wọn. Fóònù rẹ̀ ti kú. Ó padà sọ fún mi pé nígbà tí òun kọ́kọ́ débẹ̀, òun kan ilẹ̀kùn. Ó rí i pé kò sí òrùlé lórí ilé náà, síbẹ̀ ó kan ilẹ̀kùn, ó sì dúró, nítorí pé mo ní ènìyàn wà níbẹ̀.

Ilé tó ní àmì dúdú kan ṣoṣo, èyí tí mo ní kó má padà sí, ni wọ́n gbé e lọ. Ilé obìnrin tó kìlọ̀ fún mi nìyẹn. Láti fèrèsé ilé ìdáná rẹ̀ ló ti rí iná tó ń ṣẹ́jú. Ọkọ rẹ̀ gun katakata débẹ̀, ó rí mọ́tò òfìfo, ó sì wọ inú odò lọ. Omi dé àyà rẹ̀. Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin ni. Ó wọ̀ ọ́, ó jáde, ó tún wọ̀ ọ́, títí tí àwọn aládùúgbò fi dé bá a, tí àwọn náà sì wọ̀ ọ́. Lọ́jọ́ kejì, àyà bẹ̀rẹ̀ sí dùn ún. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi dùbúlẹ̀, fún ọjọ́ mẹ́rin nínú rẹ̀ kò sì sẹ́ni tó mọ̀ bóyá yóò dìde. Ó dìde. Ṣùgbọ́n títí di òní, bí obìnrin náà bá ń bá mi sọ̀rọ̀, mo máa ń gbọ́ ikọ́ ọkọ rẹ̀ lẹ́yìn fóònù, mo sì mọ ẹni tó fà á.

Mo ní kí ọmọ mi máa bọ̀ nílé. Mo ti wá ọkọ̀ òfuurufú tó máa gbà.

“Mọ́mì, wọ́n wọ omi nítorí mi,” ló wí. “Ṣé kí n wá kó ẹrù mi kí n máa lọ?”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

“Rárá, Mà. Ẹ má bínú. Mi ò tíì bá gbogbo wọn sọ̀rọ̀ tán.”

Kò tíì sọ rárá fún mi bẹ́ẹ̀ rí. Mo wo bàbá rẹ̀ kó lè bá mi dá sí i. Kò ṣe àwàdà lọ́jọ́ yẹn. Ó ní, “Pe obìnrin yẹn, kí o dúpẹ́.”

Mo pe obìnrin náà, mo dúpẹ́. Ní ọjọ́ kejì mo tún pè é láti dúpẹ́ àná.

“O ti dúpẹ́ lánàá,” ló wí.

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ti òní nìyí.”

“Ṣé o máa tún dúpẹ́ lọ́la?”

“Lọ́la, mà, àlàáfíà ọkọ yín ni n óò béèrè.”

Ó ní ó dáa, kí n má ṣáà pè nígbà tí òun bá ń fún àgùntàn lóúnjẹ. Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ọjọ́ Sátidé ni mo máa ń pè é báyìí, ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀ tiwa.

Òun ló ṣàlàyé ìkìlọ̀ rẹ̀ fún mi. Ó ní níbi tí ènìyàn kò pọ̀, iná kan kì í tàn kí ojú má rí i, ẹni tó bá sì rí i yóò wá. Ẹni tó bá dúró sínú mọ́tò rẹ̀ ní ibi tí omi kò lè gbé e, wọn yóò bá a níbẹ̀. Ṣùgbọ́n mọ́tò òfìfo lẹ́bàá omi, ohun kan ṣoṣo ló ń sọ fún wọn.

Ní Sátidé kan mo ní kó bá mi ka máàpù náà. Mo pe orúkọ mọ́kànlélógún náà fún un, lọ́kọ̀ọ̀kan, láti ìsàlẹ̀ odò lọ sókè, ó sì ń sọ ẹni tó wà níbẹ̀. Ibì kan, àwọn tó ni ín ń gbé Newcastle, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn nìkan ni wọ́n ń wá. Ibì kan, bàbá kan kú síbẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ kò fẹ́ àgùntàn. Ibì kan, wọ́n ti gbin igi lé e lórí. Ibì kan ni ilé ẹ̀kọ́ tí òun lọ nígbà èwe. Ọmọ mẹ́rìnlá ni wọ́n nígbà náà, ó sì dárúkọ gbogbo wọn láìrò ó. Nígbà tí a parí, ibi márùn-ún ló ní ènìyàn láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé ìparí. Mẹ́fà jẹ́ ti àwọn tó ń wá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Mẹ́sàn-án ti wó. Ọ̀kan ti di igbó. Mo fi pẹ́ńsù kọ ahoro sí ẹ̀gbẹ́ mẹ́wàá.

“Àwọn tó wà nínú ibi márùn-ún yẹn, ẹ̀yin mélòó ni, mà?”

“Mọ́kànlá.”

“Ní ọjọ́ yẹn, àwọn mélòó ló jáde wá ọmọ mi?”

“Mẹ́sàn-án. Ọ̀kan wà lórí ibùsùn, kò lè rìn. Èmi dúró ti fóònù.”

Mo kọ ọ́ sínú ìwé kékeré mi, lábẹ́ ọjọ́ náà, níbi tí mo ti kọ “kìlómítà méjì ó lé ọ̀ọ́dúnrún mítà” tẹ́lẹ̀.

Ọmọ mi ṣì wà níbẹ̀ bí mo ṣe ń kọ èyí. Ó ku oṣù mẹ́rin kó parí. Ẹ̀rù ṣì ń bà mí, n kò ní parọ́. Òjò ṣì ń rọ̀ níbẹ̀, odò náà ṣì ń kún, kò sì tíì sẹ́ni tó ṣe afárá sí i. Ṣùgbọ́n bó bá pè mí láti ojú ọ̀nà báyìí, n kì í sọ fún un mọ́ ibi tó máa gbà. Mo máa ń bi í léèrè ibi tó wà, mo sì máa ń pe obìnrin náà.

Ẹ̀yin tí ọmọ yín wà níbi tí ẹ kò dé rí, ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún kò pọ̀. Kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, ẹ ní kí ọmọ náà fún yín ní nọ́ḿbà ẹnìkan tó lè fi ẹsẹ̀ rìn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹ pe ẹni náà nígbà tí kò tíì sí wàhálà kankan. Ẹ kí i, ẹ sọ ẹni tí ẹ jẹ́ fún un, kí ẹ sì béèrè bóyá ó lè gbà kí ẹ máa pe òun.